Káfíńtà àti Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Àpótí

Ẹ fún mi láàyè kí n jókòó o.

Jókòó, Ìyá àgbà, ẹní ti wà nílẹ̀.

Ààlọ́ tèmi ò mọ ìjàpá, kò sì mọ ọba.

Ta ló wá mọ̀?

Ó mọ káfíńtà kan, ó mọ ìyàwó káfíńtà, ó sì mọ ọkọ̀ kan tí gbogbo ayé ń pè ní Àpótí.

Gbé e wá ká gbọ́.

Káfíńtà yìí, ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, apá rẹ̀ gùn bí ìgbà tí wọ́n fi pákó ṣe é. Pẹ́ńsùlù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Bó bá fẹ́ wẹ̀ gan-an, ìyàwó rẹ̀ ní í bá a yọ ọ́. Ìsàlẹ̀ àfonífojì kan ló kọ́lé sí, ilé oníyàrá méjì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lábẹ́ páànù tó so mọ́ ògiri ilé náà. Ìró ayùn ló ń jí wọn láàárọ̀, òórùn igi tútù ló sì ń bá wọn wọ orí ibùsùn. Òun ló ń la igi, òun ló ń fá a, òun ló ń kàn án pọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fi pépà oníyanrìn dán an, tí yóò máa fà á lọ fà á bọ̀ títí ojú tábìlì yóò fi rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ẹni tó bá ra ilẹ̀kùn lọ́wọ́ wọn, ó ń fọwọ́ pa á kó tó sanwó, ó tún ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn tó sanwó tán.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra ilẹ̀kùn ò sí ní àfonífojì. Wọ́n wà lókè, lẹ́bàá títì ọlọ́dà tó lọ sí ìlú ńlá. Àárín títì yìí àti ilé Káfíńtà, òkè kan ló wà níbẹ̀, òkè amọ̀ pupa tí kò ní òkúta nínú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó le bí irin. Bí òjò bá ti kàn án, ọṣẹ ló ń dà. Ọkọ̀ mélòó ló ti gun òkè yẹn dé ìdajì, tó sì ti fi ìdí yọ̀ padà wá sílẹ̀.

Bí Káfíńtà ṣe ní ọkọ̀ tiẹ̀ nìyí. Bàbá àgbà kan wà, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Káfíńtà ló ṣe gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé tí bàbá yìí fẹ̀yìntì sí. Nígbà tí iṣẹ́ parí, bàbá náà fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó ní ojú òun ò ríran jìnnà mọ́, ọkọ̀ náà ò sì tíì gbó tó òun.

Ẹ wo ọkọ̀ o. Kò sí ibi tó rí roboto lára rẹ̀ àyàfi táyà. Iwájú rẹ̀ pẹlẹbẹ, gíláàsì rẹ̀ dúró ṣánṣán bíi ti fèrèsé ilé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún gbàmù bí ilẹ̀kùn ibi ìkẹ́rù. Ọwọ́ lèèyàn fi ń yí gíláàsì rẹ̀ sókè sódò. Àwọ̀ rẹ̀ ò ṣe é dárúkọ, kì í ṣe ewé, kì í ṣe eérú. Àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́, nítorí nígbà tó jẹ́ tuntun gan-an, ojú ni àwọn èèyàn fi ń wò ó, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n ń rà. Lójú títì, oníkẹ̀kẹ́ ń kọjá lára rẹ̀, ó sì ń bojú wẹ̀yìn láti ṣàánú.

Káfíńtà ò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá fẹ́ mọ tábìlì tó dáa, òun kì í wo orí rẹ̀. Òun a dojú rẹ̀ bolẹ̀, òun a wo bí wọ́n ṣe so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé Àpótí délé, abẹ́ rẹ̀ ló wọ̀ lọ. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo irin tó gba iwájú lọ dé ẹ̀yìn, tó nípọn bí igi àjà. Nígbà tó jáde, eruku kún orí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ibi tójú ò dé ló ti ṣe é dáa jù. Ó ní ó ga kúrò nílẹ̀, kò sí òkúta tó máa ha ikùn rẹ̀. Ó ní ọ̀pá gíà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà ńlá, bí wọ́n bá ti fà á, ọkọ̀ náà á máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru omi kún dẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa dá a dúró.

Àpótí wá ní ìwà kan. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà á lójú ọ̀nà tó dáa. Bí ẹrẹ̀ bá dé, tí wọ́n fẹ́ kí táyà iwájú náà bá wọn fà, èèyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Láàárín táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, kókó kan wà níbẹ̀ tó dà bí ọmọrí ìgò. Wọn a kúnlẹ̀ tì í, wọn a yí i títí yóò fi dún kẹ́. Ti ọ̀tún, ti òsì. Bí ọ̀kan bá wọlé tí èkejì ò wọlé, asán ni. Táyà iwájú ò ní fa nǹkan kan, àfi bí ẹni pé wọn ò yí èyíkéyìí.

Òkúta pẹlẹbẹ kan wà ní ẹsẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró sí. Ọkọ a sọ̀ kalẹ̀ lápá tiẹ̀, á yí tiẹ̀. Ìyàwó a sọ̀ kalẹ̀ lápá tiẹ̀, á yí tiẹ̀. Bó bá ti dún, á fi àtẹ́lẹwọ́ lu orí ẹ́ńjìnnì, pó, pó, á ní, “Tèmi ti wọlé.” Ọkọ á dáhùn pé, “Tèmi náà ti wọlé.” Wọn á wọlé, wọn á gun òkè.

Ìgbà kan wà, ní ìbẹ̀rẹ̀, òjò ń rọ̀, àánú ìyàwó rẹ̀ ṣe Káfíńtà. Ó yí tiẹ̀ tán, ó sáré yípo lọ sápá kejì pé kí òun bá a yí tirẹ̀. Obìnrin yìí gbá a lọ́wọ́ pẹ̀ẹ́.

“Bàbá wọn, ẹ má fọwọ́ kan tèmi. Ìdajì ọkọ̀ yìí lẹ ní.”

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti òkúta. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan apá ibẹ̀ mọ́. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ ń dàgbà, wọ́n ń lọ sílé ọkọ, ọwọ́ Káfíńtà kò dé ibẹ̀, títí ọwọ́ náà fi gbàgbé pé kókó kan wà níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ.

Àwọn èèyàn wá ń fi ọkọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá dé ẹ̀bá títì, wọ́n á béèrè pé, Káfíńtà, ṣé ìwọ fúnra rẹ lo kàn án? Ṣé ìṣó tán ni o kò fi tíì parí ẹ̀? Ẹni tí ẹnu rẹ̀ wá mú jù ni àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn aṣọ àti bàtà tó ń dán, tí gbogbo wọn ń pè ní Fáàrí. Fáàrí ní jíìpù tuntun, ó dúdú, ó ń kọ mànà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í dún, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ohùn obìnrin kan wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rí ojú rẹ̀ rí, tó ń júwe ọ̀nà fún un. Fáàrí ò burú o. Kì í wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ òfìfo. Àmọ́ bó bá ti rí Àpótí, ẹnu rẹ̀ kì í gbélé.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí lọ́jọ́ kan, “ọkọ̀ tí èèyàn ń kúnlẹ̀ fún kó tó rìn. Èmi tí mo jẹ́ àna yín gan-an, ẹ ò kúnlẹ̀ kí mi rí.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kan wà tó ń dà bí eruku igi lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tó yá, bó bá ti gbọ́ pé Fáàrí ń bọ̀, á gbé Àpótí lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ojú àlejò ò tó. Ìyàwó rẹ̀ rí i.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Eruku igi tí obìnrin yìí ń fà símú láti ọjọ́ tó ti ń dán tábìlì ti di àlejò láyà rẹ̀, ó sì ti kọ̀, kò lọ. Ikọ́ fée ni. Bó bá ti gbé e, àyà rẹ̀ á máa dún bí fèrè. Wọ́n fún un ní ìgò oògùn kékeré kan tí wọ́n ń fín sẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi pépà sílẹ̀. Ó ní ta ni yóò wá ṣe é, ṣé ọkọ òun tó ń fi ìka wíwú dán igi bí ẹni ń họ ara ewúrẹ́? Káfíńtà fi aṣọ rán ìbomú fún un. Nínú ọkàn rẹ̀, ó mọ̀ pé igi tí òun ń là ni ìyàwó òun ń mí sínú. Ìrònú yẹn máa ń bá a jẹun.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà òjò. Òjò ti ń rọ̀ bọ̀ láti àná. Fáàrí wá kí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó sì sùn síbẹ̀. Obìnrin yìí ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nígbà tí èémí rẹ̀ há. Ó fọwọ́ fa ìgò oògùn yọ lápò, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu. Atẹ́gùn lásán ló jáde. Ó mì í, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n ti ní àwọn á ra òmíràn bí òjò bá dá.

Ó jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀. Kòtò ọrùn rẹ̀ ń jìn. Fíì, fíì, bẹ́ẹ̀ ló ń dún. Ètè rẹ̀ ń pàwọ̀ dà. Ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀.

Káfíńtà sáré lọ síbi ìṣó tí kọ́kọ́rọ́ Àpótí máa ń wà, ó ti yọ ọ́ kúrò kí Fáàrí tó dí i lọ́nà. Fáàrí ní irin líle wo ni wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n òun sí, èyí tó ń gbọn èèyàn bí asẹ́? Ó ní jíìpù òun rèé, ó rọ̀, afẹ́fẹ́ tútù wà nínú rẹ̀, wọ́n á ti dé ọsibítù kí Àpótí tó jí. Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀ tó ń wá èémí. Ó wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n ti fi í rín wá sí i létí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní bóyá òun gan-an ni kò mọ̀, bóyá ìfẹ́ ọkọ̀ ló ń tan òun, kó má lọ jẹ́ pé ìgbéraga òun ló máa pa obìnrin yìí.

Ó so kọ́kọ́rọ́ padà sórí ìṣó.

Wọ́n gbé e sínú jíìpù. Wọ́n kọjá lára òkúta pẹlẹbẹ, wọn ò dúró, nítorí jíìpù Fáàrí kì í bẹ ẹnikẹ́ni kó sọ̀ kalẹ̀. Ó gun òkè náà fẹ́ẹ́ bí ẹyẹ. Níbi tí amọ̀ ti nípọn, iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú níwájú Fáàrí. Táyà ń yí, ọkọ̀ ò lọ. Ìdí jíìpù yà sápá kan jẹ́ẹ́, bí ẹni fẹ́ jókòó, ó sì wọ gọ́tà, ó fi ikùn lélẹ̀. Ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ náà ní kí wọ́n máa lọ tààrà.

Fáàrí tẹná títí ẹ́ńjìnnì fi ń ké. Kàkà kó jáde, ńṣe ló ń rì sí i. Káfíńtà ti sọ̀ kalẹ̀. Ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní, “Dúró dè mí. Mò ń bọ̀. Ìyá wọn, dúró dè mí.” Ó sì sáré wọ inú òjò.

Ó ṣubú, ó dìde. Amọ̀ gba bàtà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń sáré, ó ń gbọ́ fíì, fíì náà létí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jìnnà. Nígbà tó dé ilé, kọ́kọ́rọ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú eruku igi, ó kúnlẹ̀ wá a. Ó yípo lọ sẹ́yìn ilé níbi tó tọ́jú Àpótí sí kí àlejò má bàa rí i. Àpótí wúkọ́, ó wúkọ́, ó jí.

Ó gbé e dé òkúta pẹlẹbẹ. Ó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀ lápá tiẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó yí kókó náà, ó dún kẹ́. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé, “Tèmi ti wọlé.” Òjò nìkan ló dá a lóhùn. Ó wọ ọkọ̀, ó fa ọ̀pá gíà kékeré, ó lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n, ẹ ti rí ohun tó gbàgbé. Ẹ má pariwo. Òun ò rí i.

Apá ìsàlẹ̀ òkè náà ò le púpọ̀, Àpótí fi táyà ẹ̀yìn nìkan gbá a já dé ẹ̀gbẹ́ jíìpù. Àwọn ọkùnrin méjèèjì gbé obìnrin náà, wọ́n gbé e sí ìjókòó tirẹ̀ gan-an, iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Fíì tó ń dún tẹ́lẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀rù ìyẹn ba Káfíńtà ju ariwo rẹ̀ lọ. Ìka obìnrin náà tutù bí irin.

Ó wá ku ibi tó dà gẹ̀rẹ́ jù, ibi tí Àpótí ti máa ń gùn láìwẹ̀yìn. Káfíńtà kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àpótí gun ún díẹ̀, ó dúró. Táyà ẹ̀yìn ń da ẹrẹ̀ sókè, táyà iwájú kàn dúró ni bí ẹni tó wá ìran wò. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn, sápá ibi tí ilẹ̀ ti jìn. Káfíńtà tẹ bíréèkì. Ó tún gbìyànjú. Ó tún yọ̀. Fáàrí wà lẹ́yìn, ó fi èjìká tì í, aṣọ funfun rẹ̀ ti di pupa, ẹrẹ̀ wọ ẹnu rẹ̀, ó ń tu ú, ó ń tì. Wọ́n tún gbìyànjú. Ó sún mọ́ ẹnu kòtò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò ṣẹlẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tó ti ní ọkọ̀ yìí, òkè yìí ò dá a padà rí. Nǹkan kan dà wó nínú Káfíńtà. Gbogbo ohun tó ti sọ nípa irin tó nípọn, nípa ẹni tí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, ó dà bí àwàdà tí òun nìkan ò mọ̀ pé àwàdà ni.

“Òótọ́ ni wọ́n ń sọ,” ló wí fún ọkọ̀ náà. “Àpótí ni ẹ́.”

Ó gbé orí lé ọwọ́ ìdarí, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ń rò ó pé kí òun gbé ìyàwó òun kọ́ ẹ̀yìn kí òun máa gun òkè lọ, ó sì mọ̀ pé kí òun tó dé òkè, òkú lòun máa gbé débẹ̀.

Ohun kan kàn án lápá. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni. Obìnrin náà gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ń yí ọrùn ọwọ́ bí ẹni ń ṣí ìdérí nǹkan.

Káfíńtà rò pé omi ló ń fẹ́. Ó gbé ìgò omi, ó ṣí i, ó gbé e sí i létè. Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í kúrò. Ó tún yí ọwọ́. Káfíńtà ní afẹ́fẹ́ ni, ó na apá kọjá lára rẹ̀, ó yí gíláàsì sílẹ̀, òjò wọlé bá wọn. Obìnrin náà mi orí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kì í ṣe ti ìrora, ti ẹni tó ń bá aláìgbọ́ sọ̀rọ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara ilẹ̀kùn níta, pó, pó. Ó wá ju ọwọ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún: rárá.

Pó, pó. Rárá.

Káfíńtà lanu. Ohun tó ń sọ ni pé, “Tèmi ò tíì wọlé.”

Kò mọ ìgbà tó bọ́ sílẹ̀. Ó yípo iwájú ọkọ̀, ó fi orúnkún méjèèjì wọ inú ẹrẹ̀ lẹ́bàá táyà tí kò fọwọ́ kàn láti ọdún gbọọrọ. Amọ̀ ti bo kókó náà. Ó fi èékánná ha á. Ó yí i, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi nu ún, ó fi ẹ̀wù náà dì í mú, ó yí i. Kò mira. Lókè orí rẹ̀, lójú fèrèsé, kò gbọ́ fíì náà mọ́.

“Jọ̀ọ́,” ló wí. Kò mọ ẹni tó ń bẹ̀, bóyá Ọlọ́run ni, bóyá ìyàwó rẹ̀, bóyá ọkọ̀.

Kẹ́.

Àwọn tó bá mọ Àpótí nìkan ló lè mọ bó ṣe rìn lẹ́yìn ìyẹn. Kò fò, kò ké. Táyà iwájú méjèèjì gbá amọ̀ náà mú, ó fa ara rẹ̀ sókè jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ru omi kún dẹ́nu. Fáàrí tó ń tì í lẹ́yìn wá rí i pé afẹ́fẹ́ lòun ń tì, ó ṣubú dojú bolẹ̀, ó dìde, ó sáré tẹ̀ lé e, ó so mọ́ táyà àfipamọ́ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n. Wọ́n sì bọ́ sójú títì.

Ọ̀nà ìlú ńlá wá gùn. Gbogbo ọkọ̀ ń kọjá wọn. Káfíńtà ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ó fi èkejì sábẹ́ imú ìyàwó rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá nǹkan kan ṣì ń jáde. Nígbà mìíràn kò mọ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi rọ́bà bò ó nímú, rọ́bà náà gba ara irin ńlá kan tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, Káfíńtà bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì sí ohun tóun lè sọ, ó ní èémí ti padà, àmọ́ obìnrin náà ò jí, ó ti pẹ́ jù kó tó rí afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ “ó ti pẹ́ jù” yẹn ni Káfíńtà gbé jáde lọ síta.

Àpótí dúró ní àgbàlá, ó pupa láti orí dé ẹsẹ̀. Káfíńtà kúnlẹ̀ lápá tiẹ̀, ó yí kókó tiẹ̀ padà, bí ó ti yẹ kéèyàn ṣe lójú títì. Ó yípo lọ sápá kejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́. Ọwọ́ náà dúró lójú ọ̀nà. Ó ní bí òun bá yí èyí padà fún un, kí ló tún kù tó máa jí wá ṣe? Ó dìde.

Fáàrí tó ń wò ó rò pé agbára rẹ̀ ló tán. Ó ní kí òun bá wọn yí i.

“Má fọwọ́ kàn án,” ni Káfíńtà wí.

Fáàrí jókòó sórí irin ìtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lójú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe yìí?”

“Ìwọ kọ́ lo so kọ́kọ́rọ́ padà sórí ìṣó.”

Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ó tún ṣú. Inú Àpótí ni Káfíńtà ń sùn, ní ìjókòó dírẹ́bà. Kò jókòó sí èkejì. Láàárọ̀, á lọ dúró síbi ilẹ̀kùn, nọ́ọ̀sì á mi orí, á padà. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wọn wọlé ń wo Àpótí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé níbo ni wọ́n ti wú eléyìí. Káfíńtà ń wo táyà kan. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé bí kókó yẹn bá ṣì wà nínú, ìyàwó òun náà ṣì wà láyé.

Àárọ̀ kan, nọ́ọ̀sì ò mi orí. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Dókítà bá wọn sọ ọ́ kedere kí wọ́n tó jáde. Àyà obìnrin náà ò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láé. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ eruku igi, kò gbọdọ̀ gbálẹ̀, kò gbọdọ̀ sáré. Ṣọ́ọ̀bù máa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Obìnrin náà gbọ́, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ti dán gbogbo tábìlì ìlú, ó gbé wọn sórí itan.

Ó rọra jáde sí àgbàlá, ọkọ rẹ̀ dì í mú lápá kan, Fáàrí lápá kan. Kò lọ síbi ilẹ̀kùn ọkọ̀. Iwájú ló lọ tààrà, síbi táyà tiẹ̀. Ó wò ó.

“Kí ló dé tí tèmi ṣì wà nínú?” Ohùn rẹ̀ ò ju afẹ́fẹ́ lọ.

“Tìẹ ni,” ni Káfíńtà wí. “Ìdajì ni mo ní.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, èémí ò tó o. Kò lè kúnlẹ̀. Ó jókòó sórí irin ìtẹ̀gùn, ó fara síwájú, ọkọ rẹ̀ dì í mú níbàdí kó má ṣubú. Ó yí i. Ó sinmi. Ó tún yí i títí ó fi dún. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ẹ́ńjìnnì, pó, pó, bẹ́ẹ̀ ni kò fi agbára ṣe é.

“Tèmi ti jáde.”

Káfíńtà fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì di ìyàwó rẹ̀ mú. Fáàrí ló yípo lọ sápá kejì, ó lu orí ẹ́ńjìnnì fún un.

Ó tán lẹ́nu mi. Ẹ dìde nílẹ̀, òtútù ti ń bọ̀. Ẹ lọ sùn. Ẹni tó bá sùn sápá ọ̀tún, kó má fọwọ́ kan aṣọ ìbora ẹni tó wà lápá òsì. Tirẹ̀ ni.